Abẹ́rẹ́ oníná kan náà fún ìyá àti ọmọ: ṣé ọjọ́ orí ló fà á tí tèmi fi jẹ́ tí ti màmá mi ò jẹ́?

Àkọ́bíObìnrin

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i, ṣùgbọ́n lónìí mo ní ìbéèrè tí kò jẹ́ kí n sùn.

Èmi àti màmá mi la jọ ń gba abẹ́rẹ́ oníná. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, akupọ́ńṣọ̀ àwọn ará Ṣáínà náà ni. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bí irun ni, kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Wọ́n á gún un sí ibi tí wọ́n fojú sùn, wọ́n á fi wáyà kékeré há orí abẹ́rẹ́ náà ní méjì-méjì, wáyà ọ̀hún á wọnú ẹ̀rọ kan tó ń lo bátìrì, iná díẹ̀ á wá máa lù ní tọ́-tọ́-tọ́ lára. Kì í ṣe iná tó ń gbé èèyàn. Ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan wà nínú ẹran ara rẹ tó ń fi orí ìka kanlẹ̀kùn pé òun fẹ́ jáde.

Ọmọ ọdún 43 ni mí. Ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ló ń dùn mí, ó ti lé lóṣù mẹ́rin. Màmá mi jẹ́ ẹni ọdún 74, orúnkún méjèèjì ni tiwọn, ti ọwọ́ ọ̀tún ló le jù, ó sì ti pé ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti ń bá a yí. Oníṣègùn kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ọjọ́ kan náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú fún èmi, ogún ìṣẹ́jú fún àwọn náà, aṣọ títa ló dá wa láàárín.

Lẹ́yìn ìgbà kejì, mo bẹ̀rẹ̀ mo so okùn bàtà mi, mi ò kérora. Lẹ́yìn ìgbà kẹrin, mo sùn mọ́jú. Màmá ńkọ́? Mo bi wọ́n pé, "Mọ́mì, láti 0 dé 10, ìrora yín kù mélòó?" Wọ́n ní, "Méje." Méje náà ni wọ́n pè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tá a débẹ̀.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ohun tí wọ́n sọ nínú ọkọ̀ nígbà tá à ń darí bọ̀. Wọ́n ní, "Fi mí sílẹ̀, ọmọ mi. Abẹ́rẹ́ kì í sọ arúgbó dọmọdé." Ẹni tó ń tọ́jú wa pàápàá ti sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, pé ara ọ̀dọ́ máa ń gbà á ju ara àgbà lọ. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tuni nínú. Kò tù mí nínú rárá.

Ìbéèrè mi rèé. Ṣé lóòótọ́ ni pé bí ọjọ́ orí bá ṣe ń gòkè ni agbára abẹ́rẹ́ oníná lórí ìrora ṣe ń lọlẹ̀? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n yé fa àwọn kiri. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, kí ló yẹ kí n béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn tí mi ò tíì béèrè?

Ẹ jọ̀ọ́, mo gbàgbé: Màmá ń lo tramadol láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ti lé lọ́dún méjì. Wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ náà. Èmi ò lo nǹkan kan ju paracetamol lọ, ìyẹn náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, Àkọ́bí, ẹ sì kú ìtọ́jú Màmá. Kí àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ tó dé, ẹ jẹ́ kí n béèrè èyí tó jẹ́ ti ààbò.

Ṣé wọ́n fi ẹ̀rọ kankan sí Màmá láyà tó ń darí bí ọkàn ṣe ń lù? Bí ó bá wà, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi iná sí abẹ́rẹ́ kankan láìjẹ́ pé dókítà ọkàn wọn mọ̀ sí i, torí iná abẹ́rẹ́ lè ṣi ẹ̀rọ yẹn lọ́nà. Ṣé wọ́n ń lo warfarin tàbí oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì? Ìyẹn kò ní kí wọ́n má gba abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ojú abẹ́rẹ́ lè wú kó sì dúdú, oníṣègùn sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú. Ẹni tó ní wárápá náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Kí wọ́n sì máa já àpò abẹ́rẹ́ tuntun lójú yín ní gbogbo ìgbà. Ọ̀kan fún ẹnì kan, lẹ́ẹ̀kan péré.

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí torí pé bí ọjọ́ orí bá ń yí nǹkan kan padà nínú ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ oníná, ibí yìí ló ti kọ́kọ́ ń yí i. Ọmọ ogún ọdún kì í sábà ní ẹ̀rọ láyà.

Alábẹ́rẹ́

Fisiotẹ́rápì niṣẹ́ mi, ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń fi iná sí abẹ́rẹ́. Àkọ́bí, ìbéèrè yín gbóná, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀. Ẹ má bínú bó bá gùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí iná yẹn ń wá lọ sínú ara. Ara wa ní oògùn ìrora tirẹ̀ tó ń pò fúnra rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Han Jisheng ní Beijing, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1965, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é, ló fi hàn pé bí iná bá ń lù ní ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 2 Hz, ara á tú endorphin àti enkephalin jáde. Bó bá jẹ́ 100 Hz, dynorphin ló máa tú jáde, ọ̀tọ̀ sì ni ibi tí ìyẹn ti ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń yí ẹ̀rọ sí ibi tí méjèèjì á ti máa pààrọ̀ ara wọn, 2 kí 100 tẹ̀ lé e, kó tún padà sí 2. Ẹ̀rí wà lára èèyàn náà. Ní 1977, ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi iná dá ìrora eyín sílẹ̀ fún àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n fi akupọ́ńṣọ̀ dín in kù, wọ́n wá fún wọn ní naloxone, oògùn tó máa ń lé mọfíìnì kúrò níbi tó bá dì mọ́. Ìrora ọ̀hún padà.

Ó dáa. Ibo ni ọjọ́ orí wá wọ̀ ọ́?

Ẹni tó ń tọ́jú yín kò purọ́ pátápátá. Ọ̀nà kan wà tí ọpọlọ máa ń gbà rán àṣẹ sísàlẹ̀ gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn pé kí ìrora dín ariwo kù, ọ̀nà yìí sì wà lára ohun tí abẹ́rẹ́ oníná gbọ́kàn lé. Wọ́n máa ń dán an wò ní yàrá ìwádìí. Wọ́n á ní kí èèyàn ki ọwọ́ kan bọ omi tó tutù nini, wọ́n á sì máa wọn ìrora níbòmíràn lára. Lára ọ̀dọ́, ìrora ibi kejì yẹn máa ń rọlẹ̀ dáadáa. Lára ọ̀pọ̀ àgbà, kì í rọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé ara àgbà máa ń pẹ́ dáhùn, mi ò ní bá a jà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láti ibẹ̀ dé "kò lè ṣiṣẹ́". Ní 2018, wọ́n kó àkọsílẹ̀ àwọn 20,827 tó wà nínú ìwádìí 39 lórí akupọ́ńṣọ̀ fún ìrora tó ti pẹ́ jọ, ìrora ẹ̀yìn, ọrùn, èjìká, orúnkún àti orí fífọ́, wọ́n sì tún padà yẹ àkọsílẹ̀ yẹn wò lẹ́nì kọ̀ọ̀kan láti mọ irú ẹni tó ń jàǹfààní jù. Ohun tó hàn kedere ni pé ẹni tí ìrora rẹ̀ le jù níbẹ̀rẹ̀ ló ń rí ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù. Ti ọjọ́ orí ò dúró sójú kan. Ó fì síbí, ó fì sọ́hùn-ún. Bó bá jẹ́ pé ọdún tá a ti lò láyé nìkan ló ń pinnu, kò yẹ kó fara pamọ́ láàárín èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti àwọn eku. Eku ọjọ́ orí kan náà, irú kan náà, nínú ilé kan náà. Wọ́n fi iná kan náà sí wọn, àwọn kan dáhùn, àwọn kan dúró bí ẹni tí ẹnì kan ò kàn. Ilé iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Han wá rí i pé àwọn tí kò dáhùn ní èròjà kan tó ń jẹ́ CCK nínú ọpọlọ ju àwọn yòókù lọ, èyí tó máa ń bu omi pa endorphin. Ní 1997, wọ́n dín èròjà yẹn kù lára wọn, àwọn olóríkunkun wọ̀nyẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Ọjọ́ orí kan náà o! Nítorí náà, nígbà tẹ́ ẹ bá rí i pé tiyín jẹ́ tí ti Màmá ò jẹ́, kí ọdún 31 tó wà láàárín yín má ṣe di ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ mú ní ọ̀daràn.

Bó bá jẹ́ èmi, ta ni màá mú?

Tramadol ni màá kọ́kọ́ pè wá jẹ́jọ́. Ẹnu ilẹ̀kùn tí endorphin ń gbà wọlé ni tramadol náà ń gbà. Bí ẹnì kan bá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọdún méjì, ilẹ̀kùn á ti mọ́ ọn lára. Láti 1981 ni wọ́n ti rí i lára eku pé èyí tí mọfíìnì bá ti mọ́ lára, abẹ́rẹ́ oníná kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún un mọ́. ÀMỌ́ ẸNIKẸ́NI Ò GBỌDỌ̀ DÁ TRAMADOL DÚRÓ LÓJIJÌ. Mo fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ torí mo mọ àwa èèyàn. Dókítà tó kọ ọ́ ni kẹ́ ẹ bá sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń sọ ọ́ kalẹ̀ tó bá jẹ́ pé ó yẹ.

Àtọ̀gbẹ ni ìkejì. Ó máa ń jẹ iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára, láti ẹsẹ̀ lọ sókè. Báwo ni oníṣègùn ṣe ń mọ ibi tó yẹ kó yí bọ́tìnì ẹ̀rọ dé? Ó ń bi aláìsàn ni! "Ṣé ẹ ti ń gbọ́ ọ? Ṣé ó ti tó?" Bí iṣan bá ti kú díẹ̀, ìdáhùn yẹn ò ní ṣeé gbára lé: ó lè pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ ọ, tí wọ́n á sì ti yí i kọjá ààlà, tàbí kí wọ́n gbọ́ ọ fírífírí kí wọ́n sì ní ó ti tó. Èyí kejì wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn àgbà obìnrin tó máa ń wá sọ́dọ̀ mi. Wọn ò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Iná ò tíì kan wọ́n, wọ́n á ní, "Ó ti tó, ọmọ mi, o ṣeun." Ẹ wá kíyè sí i pé ogún ìṣẹ́jú kan náà lẹ jọ lò, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ iná kan náà lẹ gbà.

Ìkẹta, ẹ ń fi ìrora oṣù mẹ́rin wé ti ọdún mọ́kànlá. Ẹ ń fi ẹ̀yìn wé orúnkún. Ẹ sì ti gbà pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ti tó láti dá ẹjọ́. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2021 ní Ṣáínà lórí orúnkún, èèyàn 480 láti ẹni ọdún 45 dé 75, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ìyẹn jẹ́ ìgbà 24. Màmá ti gba mẹ́rin.

Ohun tí màá béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn nìyí: mélòó ni ẹ̀rọ ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún Màmá? Ṣé ẹran itan wọn ń fò fìrì-fìrì tá a bá wò ó, àbí ó dákẹ́? Ṣé ẹnikẹ́ni ti fi òwú kan àtẹ́lẹsẹ̀ àti itan wọn láti mọ ibi tí ìmọ̀lára wà?

FiẸ̀ríHàn

Alábẹ́rẹ́, ẹ ṣeun, ẹ kọ ọ́ dáadáa. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n da iyanrìn díẹ̀ sí i.

Ìwádìí orúnkún tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, ẹ sọ iye èèyàn, ẹ sọ iye ìgbà, ẹ ò sọ èsì. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìdá 60.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba abẹ́rẹ́ oníná ni ara wọn yá tó bó ṣe yẹ. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn ńkọ́, èyí tí wọn ò gún síbi tó yẹ tí iná ò sì dé inú rẹ̀? Ìdá 47.3. Ìyàtọ̀ wà, mi ò sẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan bí 13 nínú 100 ni. Ìyókù, ara fúnra rẹ̀, ìrètí, ìtọ́jú, ẹni tó jókòó ti èèyàn tó sì ń bi í bó ṣe ń ṣe é. Ní 2022, NICE tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ fún ilẹ̀ England sọ ní tààrà pé kí àwọn dókítà má ṣe fún ẹni tí oríkèé rẹ̀ ń jẹ ní akupọ́ńṣọ̀.

Nítorí náà, mo fẹ́ yí ìbéèrè Àkọ́bí padà. Ẹ ń béèrè ìdí tí ti Màmá ò fi jẹ́. Ta ló sọ fún yín pé tiyín jẹ́? Ẹ̀yìn máa ń dun èèyàn, ó máa ń lọ, ó máa ń padà. Ìgbà tó le jù lèèyàn máa ń wá ìtọ́jú, ẹ̀yìn ìgbà tó le jù sì ni ó máa ń rọlẹ̀. Bóyá ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó lọ fúnra rẹ̀ lẹ gba abẹ́rẹ́.

Alábẹ́rẹ́

Mo gbà. Ìdá 13 yẹn ni mo ń ṣiṣẹ́ fún, mi ò lè pè é ní 60.

Àfikún kan péré: NICE yẹn kan náà, ní 2021, ní ìlànà lórí ìrora tó ti pẹ́ tí a kò rí àìsàn mìíràn tó fà á, gbà kí wọ́n fún ẹni tó ti pé ọdún 16 sókè ní akupọ́ńṣọ̀ fún sáà kan. Wọ́n fi ààlà sísàlẹ̀, wọn ò fi sókè. Láti January 2020 sì ni Medicare ní Amẹ́ríkà, ètò tó wà fún àwọn ẹni ọdún 65 sókè ní pàtàkì, ti ń san owó akupọ́ńṣọ̀ fún ẹ̀yìn ríro tó ti pẹ́: ìgbà 12 láàárín ọjọ́ 90, mẹ́jọ sí i bí ara bá ń yá, bí kò bá yá, kí wọ́n dáwọ́ dúró. Mo fẹ́ràn apá ìgbẹ̀yìn yẹn. Kí ẹ fún un ní àkókò, kí àkókò náà sì ní òpin.

Àmọ́ ẹ̀yìn ríro nìyẹn, kì í ṣe orúnkún. Kí FiẸ̀ríHàn má bàa tún dà mí níyanrìn.

BàbáAlágbà

Ọmọ ọdún 71 ni mí, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan láàárín wa tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an sọ̀rọ̀.

Mo gba abẹ́rẹ́ oníná ní èjìká fún oṣù mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí ara mi. Lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tí ọmọbìnrin yẹn ń yí bọ́tìnì tó ń ní, "Bàbá, ṣé ó ti tó?", mo máa ń ní ó ti tó kó tó kàn mí rárá. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Láyé wa, iná àti ara èèyàn kì í ṣe ọ̀rẹ́. Mi ò sì ní jẹ́ kí ọmọ tí mo lè bí mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà mí.

Lẹ́ẹ̀kejì, bí wọ́n ṣe ní kí n dojú bolẹ̀ sùn yẹn, ọrùn ń dùn mí ju èjìká tí mo gbé wá lọ. Ogún ìṣẹ́jú, ọrùn nìkan ni mo ń rò. Ìgbà tí wọ́n wá fi ìrọ̀rí sábẹ́ àyà mi tí mo fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé iná ń lù.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ 0 dé 10 yìí. Ẹ̀yin ọmọ, kí ni méje? Mi ò tíì rí méje rí. Ìrora mi ti àárọ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀sán, èyí tó bá mi jí yàtọ̀ sí èyí tó ń tẹ̀ lé mi kiri. Ẹ ní kí n fi nọ́ńbà kan pè é. Mo mú mẹ́fà, mo dì í mú, mẹ́fà ni mo ń pè fún oṣù méjì gbáko, torí mo rò pé bí mo bá pe mẹ́ta wọ́n á ní kí n máa lọ ilé. Mo sì ti fẹ́ràn ibẹ̀. Wọ́n máa ń bá mi sọ̀rọ̀.

Àkọ́bí, ẹ má bi Màmá ní iye mọ́. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìgbà tí èmi gbé apá sókè mú nǹkan lórí pẹpẹ láìfi ọwọ́ kejì gbé e, ìyàwó mi ló rí i, èmi ò mọ̀. Mẹ́fà ni mo ṣì ń pè lọ́sẹ̀ yẹn.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́

Bàbá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. "Kí ni méje?" Mo máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri wọ́ọ̀dù wa.

Àkọ́bíObìnrin

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí mo ti kọ ìbéèrè, ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Mo fẹ́ rí nǹkan kí n tó sọ̀rọ̀.

Mo gbé àwọn ìbéèrè Alábẹ́rẹ́ lọ bó ṣe wà. Oníṣègùn wa kò bínú, mo gbọ́dọ̀ yìn ín fún ìyẹn. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó wá ní kí Màmá di ojú, ó sì fi òwú kàn wọ́n láti àtẹ́lẹsẹ̀ lọ sókè. Àtẹ́lẹsẹ̀, wọn ò gbọ́. Ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n ní "bóyá". Láti ìsàlẹ̀ orúnkún sókè, wọ́n ń gbọ́ ọ dáadáa. Ọ̀kan nínú abẹ́rẹ́ wọn sì wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ìmọ̀lára ti kú. Ó gbé e kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá yí bọ́tìnì. Màmá ní, "Ó ti tó." Mo wo itan, itan dákẹ́ bí òkúta. Mo ní, "Mọ́mì, ṣé ó ti tó ni, àbí ẹ̀rù ń bà yín?" Wọ́n dákẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ṣé kò ní gbé mi?" Oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ méjì la ti ń lọ síbẹ̀ o! Kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Oníṣègùn mú wáyà náà, ó fi kan ọwọ́ ara rẹ̀ kí wọ́n lè rí i, ó ní kí wọ́n fúnra wọn di bọ́tìnì mú kí wọ́n sì máa yí i. Wọ́n yí i díẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n tún yí i. Ẹran òkè orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Wọ́n wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun.

Dókítà wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tramadol alẹ́ kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ò rọgbọ, oorun wọn fọ́. Ó ti ń bọ̀ sípò. A ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ báyìí, a ti lọ nígbà mọ́kànlá látìgbà yẹn. Mo bá wọn ṣe àdéhùn pé bá a bá pé 20 tí n kò rí ohun gidi kan, a ó dáwọ́ dúró.

Ohun tí mo rí nìyí. Nọ́ńbà jẹ́ márùn-ún, nígbà míì mẹ́fà. Bàbá, mi ò ka ìyẹn sí mọ́. Àtẹ̀gùn ilé wa jẹ́ mẹ́rìnlá. Tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n máa ń kó jọ sórí ìkọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gun èyí tó kàn. Ní ọjọ́ Tuesday tó kọjá, wọ́n fi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan gun ún bí èèyàn ṣe ń rìn, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ọwọ́ kan lára irin. Bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, bíi ti tẹ́lẹ̀ náà ni. Orúnkún ọ̀tún kì í gbà. FiẸ̀ríHàn, mi ò mọ èyí tó ṣe é nínú iná, oògùn, tàbí pé wọ́n fún wọn ní bọ́tìnì dì mú. Ẹ̀ẹ̀kan náà la yí gbogbo rẹ̀ padà, mo mọ̀ pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀.

Tèmi ńkọ́? Mo ti dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìgbà kẹfà torí pé ara mi ti yá. Lánàá ni mo tẹ̀ba láti mú kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ nílẹ̀, ẹ̀yìn dì mí mú níbẹ̀, mi ò lè nàró. Ìjókòó ni mo ti ń kọ èyí, ìrọ̀rí méjì ló wà lẹ́yìn mi. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n ń wò mí, wọ́n ní, "Ara ọ̀dọ́ dà?"

Ọ̀la ni mo máa padà lọ síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa sìn mí lọ, pé àwọn ló máa jókòó tì mí, kí àwọn máa bi mí láti 0 dé 10.